Abẹ Eléèkù Eyín Erin

Ọkùnrin kan wà tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sí ìlú rẹ̀, ó kọ́ ilé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé ibẹ̀. Ṣówándé ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ Atukọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Kò kó wúrà bọ̀ láti òkun. Abẹ ló kó bọ̀. Mi ò sọ abẹ pélébé tí à ń rà ní ìsọ̀ lónìí, tí a máa lò tán tí a máa sọ nù. Abẹ àtijọ́ ni mò ń wí, èyí tí ojú rẹ̀ gùn bí ìka ọwọ́, tí wọ́n ń pa dé sínú èèkù rẹ̀ bí ẹni pa ìwé dé. Ní gbogbo èbúté tí ọkọ̀ wọn bá ti gúnlẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ẹrù ló máa ń lọ. Àwọn kan nínú abẹ rẹ̀ ní èèkù tí wọ́n fi ìwo ẹfọ̀n ṣe, àwọn kan ní ti igi dúdú tí wọ́n fi fàdákà ya òdòdó sí lára. Inú àpótí tó fi aṣọ àrán tẹ́ ló ń tò wọ́n sí. Èyí tó ní èèkù eyín erin nìkan ni kò ní. Ó wá a ní gbogbo ibi tó dé, kò bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ti ṣe apòògùn ní ọsibítù kó tó fẹ̀yìn tì. Ní ọ̀sán Sátidé, Apòògùn á wá, wọ́n á gbé àpótí náà sáàárín, wọ́n á máa yẹ abẹ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Atukọ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òróró nu ojú abẹ kó má dógùn-ún. Òun ló kọ́ ọ pé téèyàn bá gbé eyín erin sí oòrùn, á rí ìlà tín-ín-rín tó ń dábùú ara wọn bí àwọ̀n, pé egungun màlúù kì í ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí Apòògùn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó tirẹ̀ jọ. Àwọn abẹ tó rí kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, inú Atukọ̀ sì ń dùn sí i. Kò nira fún un láti bá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yọ̀.

Ní Sátidé kan, Apòògùn wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó di nǹkan kan mọ́ inú áńkáṣíìfù.

"Ṣówándé, jókòó ná. Jókòó kó o tó wò ó."

Opó kan ní àdúgbò rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ. Ọkọ obìnrin náà ló jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Obìnrin náà kò gbàgbé bí Apòògùn ṣe dúró ti ọkọ òun nígbà tó ń ṣàìsàn, ó sì mọ̀ pé ọkùnrin náà fẹ́ràn abẹ.

Atukọ̀ tú áńkáṣíìfù náà. Èèkù abẹ náà funfun bíi wàrà. Ẹnì kan ti gbẹ́ ẹyẹ ọ̀kín sí i lára, ìrù ẹyẹ náà gùn títí dé ìdí èèkù, fàdákà bíńtín ni wọ́n sì fi ṣe ojú rẹ̀. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, sínú oòrùn. Ó rí àwọn ìlà náà kedere.

Kò rò ó pé ọ̀rẹ́ òun rí ohun rere gbà. Ohun tó ń rò ni pé: èmi tí mo la òkun kọjá, tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lójú agbami, mi ò rí i. Ẹni tí kò kúrò nílùú yìí rí, tó jẹ́ èmi ni mo là á lójú, òun ni wọ́n gbé e wá bá nílé.

"Báwo lo ṣe rí i?" Apòògùn béèrè. Ó tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu.

Atukọ̀ pa abẹ náà dé. "Má bínú," ó ní. "Egungun màlúù ni."

"Egungun? Àwọn ìlà yìí ńkọ́?"

"Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fà wọ́n. Mo ti rí irú rẹ̀ ní èbúté. Bí wọ́n ṣe ń tan àwọn tí kò mọ̀ jẹ nìyẹn."

Apòògùn kò jiyàn. Ta ló máa bá jiyàn? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ. Mi ò bá ti fi fọ́nnu káàkiri."

Nígbà tó lọ tán, ìyàwó Atukọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà bi í pé, "Bàbá, ṣé egungun ni lóòótọ́?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní abẹ wíwò?" Ó fi ìbínú dá a lóhùn, obìnrin náà sì fi í sílẹ̀.

Ohun tí Atukọ̀ ń retí ni pé tó bá yá, Apòògùn á ní, "Gbà á, fi kún tìrẹ." Apòògùn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ń fárí lábẹ́ igi ọ̀dán ní ìdí ọkọ̀ ojú irin ló gbé abẹ náà lọ. Ó ní ojú rẹ̀ kúkú mú, kí wọ́n máa lò ó.

Nígbà tí Atukọ̀ lọ fárí, abẹ yẹn ni onígbàjámọ̀ ṣí. Ó jókòó, ó ń gbọ́ bó ṣe ń rìn lórí òun. Láti ọjọ́ náà, kò lè gba ibẹ̀ kọjá kó má yà wò ó. Onígbàjámọ̀ á jù ú sínú omi ọṣẹ, á gbé e sílẹ̀ sínú oòrùn. Èèkù funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nígbà tó yá, ó sán ní ọrùn ọ̀kín. Atukọ̀ kò lè mú un mọ́ra.

"Gbé èyí fún mi," ó ní. "Màá fún ọ ní tuntun."

Onígbàjámọ̀ wò ó. "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún Bàbá Apòògùn pé egungun màlúù ni? Kí lẹ fẹ́ fi egungun màlúù ṣe?"

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yíjú sí i. Ó ní àwàdà ni òun ń ṣe, ó sì lọ.

Apòògùn kì í wá déédéé mọ́. Ìgbà tó wá gbẹ̀yìn, ó kó gbogbo abẹ tirẹ̀ sínú àpò, ó gbé e kalẹ̀. "Máa kó wọn. Mo ti rí i pé mi ò lójú fún nǹkan yìí."

Bí gbogbo abẹ àtijọ́ tó wà nílùú náà ṣe di ti Atukọ̀ nìyẹn, àfi ẹyọ kan. Ní ọjọ́ Sátidé, á gbé àpótí kalẹ̀, á mú ọ̀kan, á ní, "Wo èyí," kò ní sí ẹni tó máa wò ó. Ìyàwó rẹ̀ gbìyànjú, ó jókòó tì í, àmọ́ ó ní gbogbo wọn jọra lójú òun.

Níkẹyìn, ó dìde, ó lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò jókòó kó tó sọ ọ́.

"Eyín erin ni. Mo purọ́ fún ọ."

Apòògùn bi í pé, "Ṣé o ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ò ń sọ ọ́?"

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlara ló mú mi."

"Kì í ṣe abẹ náà ló dùn mí," Apòògùn ní. "Ojú rẹ ni mo fi ń wo gbogbo wọn, Ṣówándé. Ojú ta ni kí n wá máa fi wò wọ́n báyìí?"

Kò lé e jáde. Ó fún un lómi mu. Ó lọ gba abẹ náà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ó fi òwú di ibi tó sán, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá. Wọ́n ṣì ń kí ara wọn títí dòní. Àmọ́ tí Apòògùn bá rí ohun tó wù ú, kì í gbé e dé ilé Atukọ̀ mọ́.

Ìwọ tó o jókòó síwájú mi yìí ni mo sọ ọ́ fún, ọmọ mi. Lánàá, obìnrin tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ lọ́wọ́ rẹ, tó ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ báyìí, mú gáùn tó fúnra rẹ̀ gé wá fi hàn ọ́. O yí i síwá, o yí i sẹ́yìn, o ní ọrùn rẹ̀ kò dúró. Mo wà níbẹ̀. Ọrùn yẹn dúró dáadáa, ìwọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò bá ọ wí pé ìlara wọ inú rẹ. Ó máa ń wọlé kéèyàn tó fura. Ohun tó o jẹ́ kó ti ẹnu rẹ jáde ni mo bá ọ wí, torí pé kò sí ẹlòmíì lẹ́yìn rẹ tó lè ba iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin náà jẹ́ lójú ara rẹ̀. Ìwọ ló gbà gbọ́.

Dìde, mú ìborùn rẹ. Lọ bá a kó tó tú ọrùn aṣọ náà.