Itan Màlúù fún Ilé Ọ̀gá
Ọ̀gá Akínpẹ̀lú, olórí àwọn wolé-wolé ní odò ẹran, gba rìbá lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó pa màlúù aláìsàn. Ó wá pe Mojírayọ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ó ní, "Lu ẹran yìí ní òǹtẹ̀ kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá fiṣẹ́ sílẹ̀ lónìí." Mojírayọ̀ la ẹ̀dọ̀fóró ẹran náà, ó bá kókó ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú rẹ̀. Àwọn alápatà ń wò ó. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gé itan kan ránṣẹ́ sí màdáàmù yín nílé, káwọn ọmọ yín rí i jẹ lọ́sàn-án." Ó ti gbé ọ̀bẹ lé itan náà kí ọ̀gá tó figbe ta: "Má gbé e dé ilé mi o! Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?" Àgbà alápatà kan bi í pé, "Ọ̀gá, ilé ta wá ni kó gbé e lọ?" Kó tó pé wákàtí kan, àwọn alápatà ti gbẹ́ kòtò, wọ́n ti ri ẹran náà mọ́lẹ̀, ojú gbogbo wọn ni ọ̀gá sì ti dá owó olówó padà.