Bí Ọ̀bọ Ṣe Rẹ Ọ̀kadà Agbẹ̀bí Sílẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fara balẹ̀. Àlọ́ mi ti òní kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú. Ọ̀bọ ló ṣẹ̀. Ó yọ ohun tó dára lára ọ̀kadà Òkété, ó fi èyí tó ti kú sí i, ó sì ní òun ti tún un ṣe. Mo ti sọ ọ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbèjà rẹ̀ tí mo bá dé àárín.

Ní ìgbà kan rí, Ọ̀bọ nìkan ni mẹkáníìkì nílùú àwọn ẹranko. Òkété ni agbẹ̀bí wọn. Ìlú ra ọ̀kadà tuntun fún Òkété, kí ó lè máa gbé aboyún gun òkè lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n Òkété kúrú. Bó bá jókòó sórí ọ̀kadà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Ibi tó bá ti dúró ló ti ń ṣubú.

Ó tì í lọ sọ́dọ̀ Ọ̀bọ. "Ọ̀gá, ẹ bá mi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò tólẹ̀."

Ọ̀bọ wò ó látòkè délẹ̀. "Ìyá Agbẹ̀bí, ṣé ọ̀kadà ló ga ni, àbí ẹ̀yin lẹ gbàgbé láti dàgbà?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó Ẹtu máa bí lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ sì dábùú nínú rẹ̀."

Ọ̀bọ mọ iṣẹ́ tó yẹ. Kí ó ṣí awọ ìjókòó, kí ó gé fóòmù inú rẹ̀ dínkù, kí ó sì kan awọ náà padà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára ṣọ́ọ̀kù, irin méjì tó ń gbé ẹ̀yìn ọ̀kadà sókè nínú kòtò. Tuntun ni wọ́n. Ti ọ̀kadà Ọ̀bọ fúnra rẹ̀ ti kú, kò lè ru ju apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ. Ó rò ó pé bí òun bá fi èyí tó ti kú sábẹ́ ọ̀kadà Òkété, yóò wọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ agbẹ̀bí á kan ilẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe, ó sì fi tuntun náà sí ọ̀kadà tirẹ̀. Òkété dé, ó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti gbé èèyàn sẹ́yìn gun òkè?" Àṣà wọn ni kí mẹkáníìkì fi ọ̀kadà gbé èèyàn gun òkè, kí ó fi dán an wò, kí ó tó dá a padà.

"Mo ti gbé e."

"Ọlọ́run á bùkún yín."

"Àmín," ni Ọ̀bọ wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀bọ ń gun ọ̀kadà rẹ̀ bọ̀ láti oko pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin. Ní ìsàlẹ̀ òkè, ó rí Òkété tó gbé ìyàwó Ẹtu sẹ́yìn. Aboyún náà ń rọbí. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ti wọlẹ̀, táyà sì ń ha mọ́gáàdì, irin tó bò ó lórí. Ọ̀bọ gbọ́ ọ, ó sì mọ ohun tó ń bọ̀. Ó na ọwọ́ sókè kí ó dá wọn dúró. Ó rántí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀kadà tirẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà họ orí.

Nínú kòtò àárín òkè, táyà há. Ọ̀kadà dojú dé. Òkété fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kò ràn án lọ́wọ́. Èjìká ni àwọn ará ìlú fi gbé ìyàwó Ẹtu dé ilé ìgbẹ̀bí, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ìyá yè. Ọmọ kò ké.

Ẹtu lọ wo ọ̀kadà náà. Ó rí ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó ṣọ́ọ̀kù pọ̀ nígbà kan. "Ti Ọ̀bọ rèé," ló wí. "Èmi ni mo bá a di irin yìí mú nígbà tí wọ́n ń jó o." Wọ́n lọ wo ti Ọ̀bọ, wọ́n bá ṣọ́ọ̀kù tuntun níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo lé e lórí. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Ìlú pé sí ojúde Ẹtu. Ìdí àlọ́ mi rèé, n kò sì ní fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ ni kí ẹ ti gbọ́ ọ.

Ọ̀bọ dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Ẹtu, ìyàwó Ẹtu, Ìyá Agbẹ̀bí, gbogbo ìlú, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ gbára lé ọwọ́ mi, mo sì fi jà yín lólè. Mo gbọ́ bí táyà ṣe ń ha, mo dákẹ́ nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan má ṣe bíi tèmi. N kò lè dá ọmọ náà padà. Mo tọrọ àforíjì. Bí ẹ ò bá sì forí jì mí, mo mọ ìdí rẹ̀."