Ìdí Tí Ìlù Fi Ní Ihò Nísàlẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń pé jọ jó lábẹ́ igi àràbà, ìdí ìlù dí pa bí ìdí odó. Ohùn tó bá wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń kú sí. Awọ ojú ìlù nìkan ló ń dún.

Ẹni méjì ló ń lu ìlù ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ìnàkí a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, gbìì! Ọ̀kẹ́rẹ́ a fi ìka wẹ́wẹ́ dá a lóhùn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwọn oníjó mọ̀ pé ìka yìí gan-an ló ń gbé ẹsẹ̀ àwọn nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í kọjá agbo.

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ti darúgbó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé agbo mọ́, inú ihò igi kan ní òdìkejì odò ló ń jókòó sí. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti òde ijó dé, a bi í pé:

"Ọmọ mi, mo gbọ́ ọwọ́ Ìnàkí. Ìwọ ńkọ́? Àbí wọn ò jẹ́ kó o lù ú lónìí náà?"

"Mo lù ú, Màmá."

Ìyá a mi orí. Ó rò pé ọmọ òun kàn ń tu òun nínú ni. Ìyẹn ló ń dun Ọ̀kẹ́rẹ́ jù.

Ló bá tọ Àkókó lọ, ẹyẹ gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ ìlù náà. Ó ní, "Ẹ gbà mí, Bàbá. Mo fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ mi kó tó kú."

"Ìyẹn ò le," ni Àkókó wí. "Ẹni tó ń pariwo la ó dì lẹ́nu."

Àgbà náà kù gìrì ṣe é! Ó fi ewé bo ojú ìlù, ó fi okùn dì í pinpin. Ìnàkí gbá a, ó dún tìmù. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìka kàn án, tìmù náà ni. Ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ijó kú. Àní Ẹtu, tí ìdí rẹ̀ kì í gbélé bí ìlù bá ń dún, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń jẹ koríko.

Ìnàkí jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Ọ̀kẹ́rẹ́.

"Ẹ tú u, Bàbá! Mi ò ní kẹ́ ẹ pa ohùn ẹ̀gbọ́n mi kí tèmi tó yè."

"Àbúrò, torí tìẹ ni wọ́n ṣe dì í?" ni Ìnàkí bi í. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún un. Ìnàkí yíjú sí Àkókó.

"Bàbá," ló wí, "ẹ fi awọ sílẹ̀ kí n gbá a bó ṣe wù mí. Ṣùgbọ́n ikùn ìlù tí kò ṣiṣẹ́ kankan yẹn, ẹ fi la ọ̀nà fún àbúrò mi."

Àkókó tú okùn, ó dojú ìlù délẹ̀. Ó fi àgógó ẹnu gbẹ́ ìdí rẹ̀, ó gbẹ́, títí ó fi lu, ó sì ṣe ọ̀fun tóóró síbẹ̀. Bó bá gbẹ́ díẹ̀, a ní kí wọ́n lù ú, a fetí sí i, a tún gbẹ́. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbé ìlù lé ẹsẹ̀ mẹ́ta kí ilẹ̀ má bàa dí ihò náà.

Wọ́n lu ìlù. Lókè, awọ ń bú bó ti ń bú tẹ́lẹ̀. Nísàlẹ̀, ohùn Ìnàkí dé ọ̀fun tóóró, ọ̀nà há mọ́ ọn, ó rọra kọjá. Ohùn ìka Ọ̀kẹ́rẹ́ dé ibẹ̀, ọ̀nà gbà á, ó jáde tòun ti gbogbo ara rẹ̀. Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ pàdé níta, wọ́n di ohùn kan, Ẹtu sì fò sókè.

Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ délé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ìdúró, ó di ẹnu ihò mú, ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìlù ṣe lọ. Omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Má sọ nǹkan kan," ni ìyá wí. "Mo gbọ́."

Láti ọjọ́ náà ni ìlù onígi ti ń dúró lórí ẹsẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá rí onílù tó dí ihò náà pa, ẹ sọ fún un kó ṣí i. Àwọn tó wà nínú agbo lè máà mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ẹni tó jìnnà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e wá, òun ló máa mọ̀.