Télọ̀ Tó Múra De Ikú

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ télọ̀ ní ìlú kékeré kan. Ó mọ aṣọ ọkùnrin rán dunjú, àwọn èèyàn a sì máa wá láti ìlú mìíràn wá rán agbádá lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ara rẹ̀ kò yá, ó sì ń rù. Ó lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì sọ fún un pé kòkòrò HIV wà níbẹ̀.

Jẹ́ kí n rán ọ létí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Oògùn rẹ̀ kò tíì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Kògbóògùn ni wọ́n ń pe àrùn náà, ẹni tí wọ́n bá sì ti pe orúkọ yẹn mọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tó ti ń lọ.

Télọ̀ yìí kò sunkún. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gé aṣọ funfun yáàdì mẹ́fà, ó wọn ara rẹ̀ níwájú dígí, ó sì rán aṣọ tí wọn yóò fi sin ín. Ó ní òun kò fẹ́ kí télọ̀ tí kò mọṣẹ́ wá dójú ti òun lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ó lọ aṣọ náà, ó ká a, ó sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Lẹ́yìn ọdún méjì, oògùn dé. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, mo sì gbọ́dọ̀ yìn ín níbi tí ìyìn wà: kò fo ọjọ́ kan. Ara rẹ̀ bọ̀ sípò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti wọnú tún kún. Ikùn rẹ̀ náà yọ síta, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin yìí tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìsìnkú rẹ̀ tó fi aṣọ kún un, kí ó lè gba òkú tó ń sanra. Òun ò rí ohun ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀.

Bó ṣe ń gbé ayé nìyẹn. Kò gba ọmọ iṣẹ́, nítorí ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní ìlú wọn, kí òun má lọ kú kí òun fi ọmọ ọlọ́mọ sí agbedeméjì ọ̀nà. Ẹ̀fọ́ nìkan ló ń gbìn sí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, nítorí ẹ̀fọ́ kì í pẹ́. Bí àwọn aládùúgbò bá gbàdúrà fún un pé yóò gbó, pé yóò tọ́, á ṣe àmín bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn dáhùn ìkíni tí wọn kò kí òun.

Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níta ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gba oògùn. Obìnrin kan máa ń jókòó níbẹ̀. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti kú, òun náà sì ní kòkòrò yìí lára. Ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀rín rẹ̀ sì dùn. Télọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ kó yé ọ pé ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń lọ aṣọ rẹ̀ bí ọjọ́ ìgboògùn bá ti kù sí ọ̀la. Obìnrin náà kúkú mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi télọ̀ léèrè tààrà pé kí ló ń dá a dúró. Télọ̀ fèsì pé òun kò lè sọ obìnrin kan di opó lẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n kò dìde. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni tíṣà lọ́jọ́ náà.

Ọdún mẹ́rìndínlógún kọjá.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, télọ̀ gbé aṣọ ìsìnkú rẹ̀ jáde. Ó ti tún há. Ó fẹ́ tú u nígbà kẹta, ó mú abẹ́rẹ́, ó mú òwú. Òwú gba ọ̀tún kọjá. Ó gba òsì kọjá. Ó fi itọ́ sí i lẹ́nu, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, síbẹ̀ kò rí ojú abẹ́rẹ́. Ó wá rántí pé orúnkún òun ti ń dún láti bí oṣù mélòó kan bí òun bá fẹ́ dìde nídìí ẹ̀rọ, pé irun àyà òun ti ń funfun. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní, ikú ti dé nìyẹn. Ẹ̀rù bà á, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é.

Nígbà tí àkókò oògùn tó lọ́jọ́ náà, kò lò ó. Kí ni èèyàn ń fi oògùn ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ ti parí? Lọ́jọ́ kejì, ó kó gbogbo èyí tó kù sínú àpò, ó gbé e lọ bá àgbà nọ́ọ̀sì tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún ẹni tó ṣì ní ọjọ́ iwájú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo oore rẹ̀, ó ní kó bá òun kí àwọn yòókù.

Àgbà nọ́ọ̀sì ní kó jókòó. Ó bi í ní ohun tó ń ṣe é, télọ̀ sì ka ojú, orúnkún àti irun àyà fún un. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé ìtọ́jú télọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe ní oṣù tó kọjá wà níbẹ̀: kòkòrò náà kò hàn rárá, bí kò ṣe hàn láti ọdún pípẹ́. Ó wo orúnkún, ó wo ojú. Lẹ́yìn náà ló yọ awò ojú ara rẹ̀, ó fi sí imú télọ̀, ó sì na ike oògùn sí i pé kó kà á. Télọ̀ ka gbogbo ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà lára rẹ̀ tán, títí kan àdírẹ́sì àwọn tó ṣe é.

"Kòkòrò yẹn kọ́ nìyí," ni àgbà nọ́ọ̀sì wí. "Ogbó ni. Ohun tó ṣe ojú yín ló ṣe tèmi náà."

Inú bí télọ̀. "Ogbó kẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé mo máa gbó."

"Gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́ fún yín. Ẹ sì ń ṣe àmín."

Ó ti oògùn padà síwájú rẹ̀, ó bá a wí gidigidi fún èyí tó fò, ó ní kó lo tòní bí àkókò bá tó, kó lọ rí dókítà ojú fún awò tirẹ̀, kó sì dín oúnjẹ kù nítorí orúnkún. Télọ̀ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá sunkún. Ó ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò. Gbogbo ohun tí ikú lè bèèrè ló ti wà nílẹ̀, títí kan fọ́tò tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ṣùgbọ́n ogbó ti wọlé, kò bá nǹkan kan: kò bá aya, kò bá ọmọ iṣẹ́ tí yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò bá igi kan tí èèyàn lè jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Ó jáde síta. Tíṣà wà lórí bẹ́ǹṣì, irun ẹ̀bátí òun náà ti ń funfun. Télọ̀ dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Ó sọ ohun tí àgbà nọ́ọ̀sì wí. Ó ní ó jọ pé òun ò ní tètè lọ mọ́, pé bí kò bá tíì pẹ́ jù. Ibẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró sí, ó ń na etí ẹ̀wù rẹ̀.

Tíṣà wò ó láti òkè délẹ̀. "Bùọ̀dá télọ̀, ọdún kẹrìndínlógún rèé tí ẹ ti ń kú níwájú mi. Ìgbà wo lẹ máa wá kú tán, kí n lè mọ èyí tí mo máa ṣe?"

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ ní òun ti jáwọ́ ńbẹ̀. Tíṣà ní kó jókòó.

Kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n ti di tọkọtaya. Télọ̀ gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Ó gbin ọsàn àti kòkó sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Bí o bá gba iwájú ilé wọn kọjá lónìí, o lè gbọ́ wọn tí wọ́n ń jà lórí ẹni tó ni awò ojú tó wà lórí tábìlì. Inú wọn dùn, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n tíṣà fẹ́ bímọ, ọjọ́ ti lọ. Obìnrin tó ní kòkòrò yìí, tó ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì ń tọ́jú, ń bí ọmọ tí kò ní in. Nítorí náà kòkòrò kọ́ ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn. Ìmúra ikú ló gbà á.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, tí wọ́n sọ ti ẹ̀jẹ̀ rẹ fún lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwọ ni mo ń bá wí. Oògùn rẹ, lò ó lójoojúmọ́. N kò ní bá ọ ṣàwàdà lórí ìyẹn. Ikú tó fẹ́ pani tó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ là á dú. A kì í tún gbé fìlà náà sáré tẹ̀ lé e. O sọ fún mi pé o ti dá ilé tí ò ń kọ́ dúró, pé o ti ní kí ọmọbìnrin yẹn wá ọkọ mìíràn. Lọ pè é padà lónìí. Lọ́la, pe bíríkìlà. Ikú kò ní kí ẹnikẹ́ni palẹ̀ mọ́ de òun kó tó wá. Ogbó ni kì í fẹ́ bá ilé lófo, ó sì ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ.