Àáró Ọmọ ní Ilé Àwẹ̀ró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí wọ kòtò amọ̀, ó yí jáde, ó dá lórí Àwẹ̀ró amọ̀kòkò, ọmọ rẹ̀ Àyọ̀ká, àti Ìnàkí alágbàtọ́.

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Orin wà nínú ààlọ́ yìí, n kò sì fẹ́ kí ègbè ṣófo.

Ní ìlú kan lẹ́yìn odò méje, nígbà tí èèyàn àti ẹranko ṣì jọ ń pọn omi níbì kan náà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, Àyọ̀ká, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé. Àwẹ̀ró kò ní oko, kò ní ẹran. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni oko rẹ̀. Bí o bá fi èékánná kan ìkòkò tó mọ, á dún gooro.

Ṣùgbọ́n kòtò amọ̀ jìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń yọ̀. Ó pọn Àyọ̀ká lọ síbẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí rẹ̀ bọ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀bá kòtò. Kó tó wa amọ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì, yọ̀ọ̀, ọmọ ti yọ̀ wálẹ̀ bá a. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí kò gba ọmọ." Òjò sì ń bọ̀. Bí òjò bá dé, kòtò á kún, kò sí ìkòkò mọ́ títí ọdún á fi yí po. Bí kò sì sí ìkòkò, kò sí oúnjẹ.

Ìnàkí ló ń bá àwọn ìyá tọ́jú ọmọ nílùú náà. Ilé rẹ̀ tóbi, ọgbà yí i ká. Apá rẹ̀ gùn, ó lè gbá ọmọ mẹ́fà mọ́ra lẹ́ẹ̀kan. Àwẹ̀ró lọ bá a.

"Ẹ kú ilé, ìyá. Ẹ bá mi mójú tó ọmọ yìí."

"Ìkòkò mélòó lò ń mọ láti ọjà dé ọjà?"

"Mẹ́ta ni, ìyá."

"Máa gbé ọ̀kan wá."

Àwẹ̀ró gbé ọ̀kan wá. Ó di ọjà kejì. Ìnàkí ní, "Ọmọ rẹ ń jẹun jù. Gbé méjì wá." Àwẹ̀ró gbé méjì wá. Ó di ọjà kẹta. Ìnàkí ní, "Ọmọ rẹ ń sáré jù. Gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá."

"Ìyá, bí mo bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún yín, kí lèmi àti ọmọ ó jẹ?"

Ìnàkí rẹ́rìn-ín, kè kè kè. "Ẹni tí kò lágbára alágbàtọ́, kí ló ń fi ọmọ ṣe? Fún mi lọ́mọ náà pátápátá, n kò ní gba nǹkan kan. Lọ rò ó di ọjà tó ń bọ̀. Kò sẹ́lòmíì tí yóò bá ọ gbé e."

Àwẹ̀ró pọn ọmọ rẹ̀, ó ń lọ. Ó ní, "Ọwọ́ tó ń fi erùpẹ̀ ṣe ohun tí ọba fi ń mumi kò ní fi ọmọ tọrọ oúnjẹ."

Lójú ọ̀nà ó rí Àparò tó ń ṣa ọkà, ọmọ mẹ́ta lábẹ́ apá.

"Ìyá Àyọ̀ká, má wo aṣọ mi," Àparò wí. "Ọmọ ni mo ń ṣọ́, n kò ráyè fọṣọ."

Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ láti orí ọ̀pẹ, "Tìrẹ tiẹ̀ sàn. Bí mo bá ká ẹyìn kan, méjì ni ọmọ mi ń já sílẹ̀."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ọkùnrin ń ṣe àáró: lónìí oko ẹni yìí, lọ́la oko ẹni kejì. Àwẹ̀ró dúró, ó wò wọ́n títí.

Ó ní, "Bí ọkùnrin bá ń fi ọjọ́ yá ara wọn lóko, ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ yá ara wa lọ́mọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín ọjà sí ọjà, mẹ́ta náà la jẹ́. Ẹni tí ọjọ́ bá kàn á tọ́jú gbogbo ọmọ, àwọn méjì á lọ síbi iṣẹ́."

"Kí la ó san?" Ọ̀kẹ́rẹ́ bi í.

"Ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan."

Ọjọ́ kìíní kan Àwẹ̀ró, ó dára. Ọjọ́ kejì kan Àparò, ó fi gbogbo wọn pamọ́ sínú koríko nítorí àṣá, koríko yún Àyọ̀ká títí ara rẹ̀ fi pọ́n. Ọjọ́ kẹta kan Ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà tí Àwẹ̀ró dé láti ìdí iná ìkòkò, igbe ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti òkè. Ó gbójú sókè: Àyọ̀ká wà lórí ọ̀pẹ, imọ̀ ń mì jìgì jìgì. Ìnàkí sì ti dúró lábẹ́ ọ̀pẹ, ó ká apá mọ́ àyà.

Àwẹ̀ró kò pariwo, kí ọmọ má baà ta gìrì. Orin ló fi ké sí Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ gbè é o:

Ọ̀kẹ́rẹ́, aládùúgbò mi,
*Rọra, ọmọ là ń gbé.*
Ẹsẹ̀ ọmọ mi kò lè di igi mú,
*Rọra, ọmọ là ń gbé.*
Ẹyìn bọ́, a ṣa ẹyìn,
*Rọra, ọmọ là ń gbé.*
Ọmọ bọ́, a ò rí ṣà mọ́,
*Rọra, ọmọ là ń gbé.*
Gbé e sọ̀ fún mi wẹ́rẹ́,
*Rọra, ọmọ là ń gbé.*

Wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ibi tí mo ń gbé tèmi sí náà ni mo gbé e sí."

Ìnàkí ní, "Mo ti wí. Lọ́la lọjà. Màá wá gbé e."

Àparò ní, "Àáró ti tú."

"Kò tú," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Bí o bá lọ àáró lóko olóko, ebè tó wù ọ́ lò ń kọ ni, àbí èyí tí olóko fẹ́?"

"Èyí tí olóko fẹ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ rí. A kò bi ara wa léèrè bí kálukú ṣe ń tọ́ ọmọ tirẹ̀. Ẹ bá mi po amọ̀."

Wọ́n po amọ̀, pọ̀tọ̀ pọ̀tọ̀ pọ̀tọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, Àwẹ̀ró ti mọ ọgbà kúkúrú yí ìdí igi orógbó kan ká. Ilẹ̀ gbígbá wà nínú rẹ̀ fún Àyọ̀ká, koríko wà ní igun kan fún ọmọ Àparò, ẹ̀ka igi wà lókè fún ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ọjọ́ bá kàn á dúró láàárín, á máa rí gbogbo wọn.

Ọjọ́ ọjà dé. Ìnàkí wá pẹ̀lú ẹní tí yóò fi ká ọmọ. Ó bá Àwẹ̀ró lẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò mẹ́ta lórí, ọmọ lẹ́yìn.

"Ìkòkò mi nìyẹn?"

"Ọjà ló ń lọ, ìyá."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ mi ni. Ẹ wá bá wa dá àáró. Apá yín gùn, ó wúlò fún wa. Ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan ni."

"Èmi? Kí n máa gbá ọmọ Àparò alákìísà mọ́ra?" Ìnàkí lu àyà rẹ̀, pù pù pù, ó yí padà.

Kí òjò tó dé, àwọn ìyá yòókù náà ti ń dá àáró ọmọ, ọgbà amọ̀ ti di mẹ́rin nílùú náà, ìkòkò sì kún ilé Àwẹ̀ró dé ẹnu ọ̀nà. Ilé Ìnàkí ṣófo, ó wọ igbó lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń dá ọmọ rẹ̀ gbé mọ́ra káàkiri igbó. Kò rẹ́ni tí yóò bá a gbà á.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé owó alágbàtọ́ kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ọmọ tán. Ó kọ́ wa pé ohun tí apá ẹnì kan kò ká, bí a bá fi ọjọ́ yá ara wa, a ó ṣe é. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá ni tọ́mọ, kó kọ́kọ́ béèrè bí a ṣe ń tọ́ ọ.

Àyọ̀ká dàgbà, ó mọ ìkòkò, ó bí ọmọ tó mọ ìkòkò. Ìdílé yẹn ni wọ́n ti bí ìyá tó bí ìyá mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ọmọ ta ni yín, ẹ má tẹrí ba: ọmọ obìnrin tó fi amọ̀ mọ ọgbà yí ọmọ ká ni yín.

Mo ti sun ààlọ́ mi bí ìkòkò, ó jinná. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kó sán. Bí kò bá sí, ẹ kàn án wò lẹ́ẹ̀mẹta: gooro, gooro, gooro.