Efúnyẹmí Tí Ó Tọwọ́ Bọ Odò Òtété

Ogun ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn baba ńlá wa, odò Òtété sì dí wọn lọ́nà. Odò náà kò mu èèyàn kọjá àyà, ṣùgbọ́n ọkùnrin mẹ́ta tí ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ figbe ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara wọn gan, wọ́n sì rì. Kò sí ẹni tí ó rí ohun tí ó lù wọ́n. Àwọn ìyá fọwọ́ bo ẹnu ọmọ wọn. Ọdẹ́dìran, àgbà tí ó kó wọn jáde nílé, wólẹ̀ sórí iyanrìn. Ó ní, “Ẹbọra ló ni odò yìí. Ẹ jẹ́ kí á kú síbí.”

Efúnyẹmí dáhùn, apẹja ọmọ apẹja, obìnrin gàgàrà tí í wo ibú lójú: “Baba, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa wá.”

Ó da àwọ̀n, ó fa ẹja kan jáde, ọ̀bọ̀rọ́ tí kò ní ìpẹ́, ó sì sọ ọ́ sínú igbá omi. Ó fi ọparun gbígbẹ kàn án, kò sí nǹkan kan. Ó fi ọ̀kọ̀ irin kàn án, ẹja náà gbé e ṣánlẹ̀. Ó dìde, eyín rẹ̀ ń gbá pẹkẹpẹkẹ, ó ní kí obìnrin márùn-ún di ara wọn lọ́wọ́ mú. Bó ti di ẹni ìkángun lọ́wọ́ mú tó sì fi ọwọ́ rẹ̀ kejì kan ẹja náà, gbogbo wọn kígbe pọ̀.

“Ẹja òjìjí ni!” ni Efúnyẹmí wí. “Agbára rẹ̀ ń gba inú irin àti ara kọjá, kì í gba inú igi gbígbẹ.”

Ó tún fi ọwọ́ òsì kàn án, ó tún kàn án, ó ń sunkún. Nígbà keje, ẹja náà kò lù ú mọ́. “Ó ti rẹ̀ ẹ́! Yóò rẹ àwọn tó wà nínú odò pẹ̀lú!”

Wọ́n fi ọparun gbígbẹ lu odò láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi yẹ̀, kí àwọn òjìjí lè ná agbára wọn tán. Efúnyẹmí nìkan ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, títí ó fi gun bèbè òdìkejì. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ kejì ni ogun dé, àwọn òjìjí sì ti sinmi, agbára wọn ti padà. Àwọn jagunjagun wọ odò pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Àwọn èèyàn wa kò yọ̀; etí ni wọ́n dí sí igbe àwọn tó ń rì.

Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ dó sí, Ìdó-Òjìjí, wọ́n sì fi Efúnyẹmí jẹ Ìyálódò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò dẹ́kun ìwárìrì títí ó fi kú. Títí di òní, bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù ba ìgbìmọ̀ ìlú wa, ìbéèrè kan ni àwọn àgbà máa ń bi í: “Ṣé o ti fọwọ́ kàn án?”