Ìdí Tí Awó Fi Ń Yíra Nínú Erùpẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹyẹ ṣì mọ ara wọn lórúkọ, ọdọọdún ni àwọ̀ ara wọn máa ń ṣí dànù. Bí ọyẹ́ bá ti ń tán lọ, gbogbo wọn á rí bí eérú.

Odídẹrẹ́ ló ń tọ́jú àwòrán wọn. Ẹnu ló fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá tán, á sọ bí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ti rí, Agẹmọ á sì fi ọ̀dà kùn ún bó ṣe gbọ́.

Lékeléke kì í pẹ́ níbẹ̀ rárá. “Funfun látorí dé ìrù.” Ó parí!

Ti Awó ló ṣòro. Àmì funfun ara rẹ̀ pọ̀ bí ọkà bàbà tó dà sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní àyè tirẹ̀. Àmì yìí làwọn ọmọ rẹ̀ fi ń dá a mọ̀. Lọ́dún kan, wọ́n ṣi àmì náà kùn, àbíkẹ́yìn rẹ̀ wò ó, ó sá fún un. Ọ̀rọ̀ náà dun Awó wọra.

Láti ìgbà náà ló ti ń fura. Ó rí Ẹkùn tó ń kọjá lọ, ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n! Àmì ta nìyẹn lára rẹ̀?”

Ọyẹ́ tún dé. Awó lọ bá Odídẹrẹ́ kí àwọ̀ tó ṣí.

“Bàbá, ẹ sọ tèmi kí n gbọ́.”

“Àmì kan léjìká òsì, òmíràn lábẹ́ rẹ̀, òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn...” Oòrùn wọ̀, wọn ò tíì kúrò ní àyà. Lọ́jọ́ kejì, Awó ní kó tún un sọ. Odídẹrẹ́ gbàgbé ti èjìká òsì.

“Ta lẹ fi àmì mi ta lọ́rẹ?” ni Awó fi igbe ta.

“Èmi kì í ṣe olè, Awó. Ọ̀rọ̀ ò lè gbé ẹ ni. Kí n tó sọ ìdí rẹ tán, mo ti gbàgbé ọrùn.”

Awó ò gbà. Ìfura loògùn àgbà; pańsá ò fura, pańsá já sína. Ó lúgọ sábẹ́ igi Odídẹrẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò rí Ẹkùn kankan níbẹ̀. Odídẹrẹ́ nìkan ló rí, tí ń ka àmì rẹ̀, tí ń ṣì í, tí ń tún un bẹ̀rẹ̀, títí ohùn rẹ̀ fi há. Ojú ti Awó, àánú sì ṣe é. Ṣùgbọ́n àánú ò ní kí àwọn ọmọ mọ ìyá wọn.

Bó ti ń lọ sílé, ó fi ìbànújẹ́ wó lulẹ̀, ó ń yíra nínú erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú. Nígbà tó dìde, háà! Àwòrán gbogbo àmì rẹ̀ ló ti tẹ̀ sínú erùpẹ̀, kò sí èyí tó dín, kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó gba àyè tó ẹní méjì, kò ṣeé dì lẹ́rù. Awó fi ewé bò ó, ó ń ṣọ́ ọ.

Nígbà tí ọyẹ́ tán, ó mú Agẹmọ lọ síbẹ̀. Agẹmọ wo ilẹ̀, ó kùn ún. Kó tó kùn ún tán, àbíkẹ́yìn ti sáré wá sábẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Odídẹrẹ́ ti ń sọ kìkì ọ̀rọ̀ tí kò gùn. Láti ọjọ́ náà sì ni awó ti ń yíra nínú erùpẹ̀. Bó bá dìde, á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ bóyá àmì rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà, á na ọrùn, á wo ọ̀nà tí ẹkùn ń gbà, nítorí kò tíì dá a lójú.